Bọ́ọ̀lù méjì tó lẹ̀ mọ́ra: Collision Lab ti PhET nínú lẹ́sìn mi ní Àkúrẹ́

Nọ́ńbà kan ló gbé mi dé ìdí Collision Lab, ètò orí fóònù tó ń ṣàfihàn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kọlu ara wọn: 0.71. Ó ti di ọdún méjìlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní físíìsì, lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ní Òkè-Àró níbí, kò sì sí ọdún tí nọ́ńbà yẹn kì í yọjú. Màá ní bọ́ọ̀lù kílò 1 ń sáré mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lọ kọlu bọ́ọ̀lù kílò 1 mìíràn tó dúró jẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì jọ ń lọ. Eré wo ni wọ́n ń sá báyìí? 0.5 ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba ìwé ogún ọmọ, mo lè rí 0.71 nínú ìwé méje tàbí mẹ́jọ, nítorí wọ́n gbà pé gbogbo agbára ìrìn (kinetic energy) tí bọ́ọ̀lù kìíní gbé wá gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ fọ́múlà. Bí ẹ bá jí wọn lóru, wọ́n á ka m1u1 + m2u2 = (m1 + m2)v fún yín láìkọsẹ̀. Ohun tí ọkàn wọn kọ̀ láti gbà ni pé nínú ìkọlù kan náà, momentum (iye tí ẹ máa rí bí ẹ bá fi eré nǹkan sọ ìwọ̀n rẹ̀ di púpọ̀) á pé pérépéré, agbára ìrìn á sì dín. Mo ti yà á sójú pátákó títí ṣọ́ọ̀kì fi tán lọ́wọ́ mi. Wọ́n á ní "yes ma", wọ́n á lọ sílé, wọ́n á tún kọ 0.71 wá. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Collision Lab tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí PhET ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Abẹ́ Yunifásítì Colorado ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, ni PhET wà. Carl Wieman ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2002, ọdún kan péré lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ọ̀fẹ́ ni. Kò ní kí ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kò béèrè káàdì báńkì, kò sí ìpolówó ọjà kankan tí á máa bọ́ sójú ọmọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní FUTA ló fi hàn mí nígbà tó wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí nínú rẹ̀ ni pé èèyàn lè dáúnlóòdù rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni. Chrome tó wà lórí fóònù lè ṣí i, kò sì nílò dátà mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ná dátà lé e lórí. Mo fi Bluetooth pín in fún àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tí fóònù wọn dáa, ó tán. Ẹni tó bá ń gbé irú àdúgbò tí mò ń gbé á mọ bí èyí ti tóbi tó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a kọ́kọ́ lò ó, iná ti lọ láti àárọ̀, epo ò sì sí nínú jẹnẹrétọ̀. Fóònù mẹ́sàn-án yẹn ló tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá fún wa.

Mo ní kí wọ́n wọ Explore 1D, níbi tí àwọn bọ́ọ̀lù ti ń rìn lórí ìlà kan. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ máa fi ìka fà, wọ́n kọ Elasticity sí i. Bó bá wà ní 100%, àwọn bọ́ọ̀lù á kọlu ara wọn, wọ́n á ta padà, agbára ìrìn ò ní dín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá fà á wálẹ̀ dé 0%, wọn ò ní ta rárá. Wọ́n á jọ máa lọ bí ẹni tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìwọ̀n bọ́ọ̀lù méjèèjì sí kílò 1, kí wọ́n fún ti àkọ́kọ́ ní eré mítà 1, kí èkejì dúró. Mo sì ṣe òfin kan tí mo ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì kó tó kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé. Mo rìn yí wọn ká. Mo rí 0.71 nínú ìwé mẹ́rin. Mi ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù kìíní rọra lọ, ó kan èkejì, méjèèjì sì jọ ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́. 0.50 ló wà lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Kinetic Energy sí, 0.50 J (júùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára) já sí 0.25 J lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n fara kanra. Kò rọra bọ́, kò yọ́ lọ. Ó já ni. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ló bá gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ibo ni ìdajì yòókù lọ?"

Ọdún méjìlá ni mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba, nítorí pé níbí yìí gan-an ni àléébù ètò náà tó tóbi jù lójú mi wà: kò dáhùn. Ó fi han ọmọ pé agbára dín, ó sì sọ iye tó dín, ṣùgbọ́n kò fi ibi tó lọ hàn án. Bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kì í tẹ̀, kì í gbóná, kì í dún. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra láìsí àmì kankan lára wọn. Bí kò bá sí olùkọ́ nítòsí, ọmọ lè dìde níbẹ̀ kó máa rò pé agbára lè ṣòfò sínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán, èyí sì léwu ju 0.71 lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, èmi kọ́ ni mo dáhùn. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí bàbá rẹ̀ ń ṣe páńẹ̀lì-bítà ní apá Arákàlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì; ó lè wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ma, ara páànù ló lọ. Bí Micra bá forí gbá ọkọ̀ mìíràn, tí àwọn méjèèjì há síra wọn, páànù á ká. Kíká yẹn ló gba agbára. Bàbá mi lè fi òòlù lù ú fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó tọ́."

Gbogbo yàrá dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Kò sí ìwé tí mo kà ní yunifásítì tó sọ ọ́ fún mi báyẹn rí. Mo kàn fi kún un pé apá kan di ooru, apá kan di ariwo tí gbogbo èèyàn gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ gbá ọkọ̀, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró bó ṣe sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì mo bu amọ̀ tútù lẹ́yìn ilé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀ ìṣeré méjì, a taari wọn síra wọn lórí tábìlì. Wọ́n há mọ́ra. Nígbà tí a fà wọ́n ya, amọ̀ tó rí roboto tẹ́lẹ̀ ti tẹ́ bí àkàrà. Mo ní kí wọ́n fìka kàn án níkọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà mi ò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìní amọ̀ lọ́wọ́, mo sì gba gbogbo olùkọ́ tó bá fẹ́ lo Collision Lab níyànjú pé kó wá amọ̀ sílẹ̀. Fóònù á ka iye fún wọn, amọ̀ á fi ibi tó lọ hàn wọ́n.

Ó kan ohun tó jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ ètò náà tọkàntọkàn. Àmì X kékeré kan wà tí ẹ lè mú kó hàn, Center of Mass ni wọ́n pè é. Ibẹ̀ ni àárín gbùngbùn ìwọ̀n bọ́ọ̀lù méjèèjì wà. Tẹ́lẹ̀, mi ò kà á sí. Mo rò pé àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ gbìyànjú ohun méjì yìí, kẹ́ ẹ wò ó. Àkọ́kọ́, èyí tí a ti ṣe: ọ̀kan ń sá mítà 1, èkejì dúró. Agbára 0.50 ni wọ́n mú wá, 0.25 ló sọnù. Èkejì: ẹ jẹ́ kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí kálukú máa sá ìdajì mítà. Agbára 0.25 péré ni wọ́n mú wá, wọ́n kọlu ara wọn, wọ́n sì dúró gbọnin. Gbogbo 0.25 ló sọnù.

Iye kan náà ló sọnù nínú méjèèjì! Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló tún rí i, ó sì rò pé fóònù òun ló bàjẹ́. Mo ní kó tan àmì X. Nígbà tí wọ́n dojú kọ ara wọn, X dúró sójú kan, kò mì. Nígbà tí ọ̀kan ń lé èkejì bá, X ń lọ ní ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣáájú ìkọlù àti lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ohun tí bọ́ọ̀lù méjèèjì ṣe nígbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ni pé wọ́n wá bá X rìn. Agbára tó jẹ́ ti X, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n fi ń sún mọ́ ara wọn nìkan ni ìkọlù lè gbà lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìdánwò méjèèjì, mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ni wọ́n fi ń sún mọ́ra. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú rí i rí, títí di ọjọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gbé fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán sí iwájú mi.

Ojú ewé tí wọ́n dìídì ṣe fún ìkọlù alálẹ̀mọ́ra ni Inelastic. Ohun méjì ni ẹ máa yàn níbẹ̀: Stick àti Slip. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ò ní rí ìyàtọ̀ wọn, nítorí pé lórí ìlà kan ṣoṣo, bákan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan gba ẹ̀gbẹ́ kọlu èkejì ni ẹ tó máa rí i. Bó bá jẹ́ Slip, wọn ò ní ta padà, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ́ kọjá lára ara wọn bí ọwọ́ tí a fi ọṣẹ pa. Bó bá jẹ́ Stick, wọ́n á há mọ́ra bí ẹni tó fi gúlúù dè wọ́n, wọ́n á sì máa yí bírípo bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn ọmọ pariwo nígbà tí wọ́n rí yíyí yẹn. Mo fi ọ̀kadà ṣàpèjúwe fún wọn: bó bá gbá ọkọ̀ ní gẹ́ńgẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó sì há sí i lára, kì í ṣe iwájú nìkan ni méjèèjì máa ń lọ, wọ́n á fì. Kí ọmọ mọ̀ pé "kò ta padà" yàtọ̀ sí "ó lẹ̀ mọ́ ọn", ìyẹn nìkan tó ohun tí mo lè fi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìbọn fún wọn. Nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ kankan tó lè wo ọta ìbọn bó ṣe ń fò, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Benjamin Robins fi ìkọlù alálẹ̀mọ́ra wọn eré rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé lọ́dún 1742. Ó so nǹkan wíwúwo rọ̀, ó yìnbọn lù ú, ọta wọlé, ó há síbẹ̀, nǹkan náà sì fì lọ díẹ̀. Láti ara fífì yẹn ló ti ṣírò padà dé ọ̀dọ̀ ọta. Mo ní kí àwọn ọmọ mú ọta gíráàmù 10 tó ń lọ ní mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó há sínú igi kílò 2. Igi á gbéra ní nǹkan bíi mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbára ìrìn á ti júùlù 800 bọ́ sí nǹkan bíi 4. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ọdẹ ní Ìdànrè sọ pé abájọ tí ihò ọta fi máa ń jó gbẹ yí ẹnu ká. Ẹni tó bá fẹ́ fi 0.71 ṣe ọ̀nà ìṣírò rẹ̀ níbí, igi rẹ̀ á fò lọ ní nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn fúnra wọn sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn àléébù tó kù ò pọ̀. Àwọn bọ́tìnnì kéré jù fún fóònù kékeré. Ọmọ tó bá ní ìka ńlá á máa tẹ òdìkejì ohun tó fẹ́. Bọ́ọ̀lù nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí a rí kà nínú fáìlì tiwa, nítorí náà mo kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sára ògiri: agbára ìrìn, àárín ìwọ̀n, lílẹ̀mọ́ra, yíyọ́kọjá. Wọ́n sì máa ń lò wọ́n.

Ohun tó yẹ kí n kìlọ̀ fún yín lé lórí ni pé ètò náà ń fúnni ní ìdáhùn láì fi ìṣírò hàn. Bí ẹ ò bá ṣe irú òfin tí mo ṣe yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di eré, wọ́n á sì dé iwájú WAEC láìmọ nǹkan kan.

Fún àwọn méjì tó ti mọ Python díẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, mo gbé wọn kọjá síbi Web VPython lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ ti máa kọ ìkọlù náà fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n dátà gbọ́dọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni David Scherer nígbà tó bẹ̀rẹ̀ VPython lọ́dún 2000, mo sì sọ ìyẹn fún wọn dáadáa. Iṣẹ́ náà ò gùn: bí àyè tó wà láti àárín gbùngbùn bọ́ọ̀lù kan dé ti èkejì bá ti kéré ju àpapọ̀ rédíọ́ọ̀sì wọn (ìdajì fífẹ̀ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan), kí wọ́n fún àwọn méjèèjì ní eré àárín ìwọ̀n, ó parí. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ dáadáa, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì gba inú èkejì kọjá lọ bí iwin. A wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Eré 50 ló kọ dípò 5. Kọ̀ǹpútà kì í wo bọ́ọ̀lù nígbà gbogbo. Ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ ló máa ń wò ó, a sì ti ní kó máa wò ó ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní eré 50, ìdajì mítà ni bọ́ọ̀lù ń fò láàárín ìwò kan sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ méjèèjì ò ju ogún sẹ̀ńtímítà lọ láti ojú dé ojú ní fífẹ̀. Ó ti fò ó kọjá kí kọ̀ǹpútà tó la ojú. Ọmọ náà dín ìgbésẹ̀ kù sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ó sì fò sókè nínú yàrá mi. Èyí ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó ṣẹlẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí, Collision Lab ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, pàápàá bí iná àti dátà bá jẹ́ ìṣòro yín. Ẹ fi VPython sílẹ̀ fún ọmọ tó bá ń béèrè sí i.

Mo ṣe ìdánwò fún gbogbo wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì fi ìbéèrè àtijọ́ yẹn sí i, kílò 1 àti kílò 1. Inú ìwé kan ṣoṣo ni mo ti rí 0.71. Ọmọ náà ò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí yẹn. Ìyá rẹ̀ tó ń ta pupurú ní Ọjà Ọba ló ń ràn lọ́wọ́. Mo ti lọ bá ìyá náà ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sì ti fi fáìlì náà sórí fóònù rẹ̀.